Àpótí Orin Lazarus àti Wáyà Tẹlifóònù

"Hẹlóò! Hẹlóò! Ẹ̀yin ará Iyansan, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ohùn Lazarus ni. Ó ń ti inú àpótí orin tuntun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn jáde, ó sì gba gbogbo àdúgbò wọn ní Àyèká kan. Àwọn adìyẹ sá wọ abẹ́ àga. Vivian, aládùúgbò wọn, yọjú láti ilé ìdáná rẹ̀, òkèlè púpurù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ìdárà, Lásárù kan ṣoṣo ni wọ́n jí nínú Bíbélì! Ẹ má fi ariwo jí àwọn òkú yòókù o! Ẹ jẹ́ ká jẹun!"

Lazarus bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa jẹun, Màmá Goodness. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jó."

Ìkórè ìjọ wọn ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Lọ́dọọdún, ńṣe ni ìjọ máa ń lọ háyà ẹ̀rọ orin. Lọ́dún yìí, Bàbá Adéjọbí, alága ìgbìmọ̀ ìkórè, ní kí wọ́n dẹ́kun ìyẹn. Ó ní Lazarus tó ń tún rédíò ṣe lójú títì, ọmọ ìjọ ni, kí ó kan tiwọn fún wọn. Bí àpótí náà bá dún dáadáa, àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Akotogbo àti Iyansan á gbọ́, iṣẹ́ á sì máa wá bá a nílé. Ohun tí Lazarus ń retí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kó wọn kúrò létí òkun wá sí Àyèká nìyẹn.

Ìdáraolúwa ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa dá kọ orin ọpẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àpótí gan-an ni wọ́n ní kó dúró sí, nítorí wáyà maikirofóònù kò gùn.

Dora, ìyàwó Lazarus, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ṣàdédé ló gbé orí sókè.

"Bàbá Ìdárà, kí ló ń rùn?"

"Fáníìṣì ni. Àná ni mo kùn ún."

"Fáníìṣì kì í rùn báyìí. Ó ń rùn bí rọ́bà tí iná rà."

"Gbogbo nǹkan tuntun ló ń rùn. Ìwọ náà rùn fún lọ́fíńdà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa."

Dora kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àpótí. Ó yára fà á kúrò.

"Ó gbóná!"

"Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ṣé ó máa tutù ni? Ìwọ náà tí o bá ń gún ẹyìn, ṣé o kì í làágùn?"

Dora padà síbi ẹ̀wà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣa á mọ́. Ó wọlé, ó jáde. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó tún lọ fọwọ́ kan àpótí.

"Jókòó, Dora. Ò ń dà mí láàmú."

"Kò ṣeé jókòó."

Ó mọ ohun tó wà nínú àpótí náà. Ọkọ rẹ̀ ti fi yangàn níwájú gbogbo èèyàn. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́ tí wọ́n gé dànù lára òpó ni Lazarus ṣa jọ, tó fi so gbogbo inú àpótí láti òkè délẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀:

"Wáyà tó ń gbé ohùn èèyàn láti Òkìtìpupa dé Àkúrẹ́ láyé ọjọ́un, ṣé kò ní lè gbé orin láti ẹ̀yìn àpótí dé iwájú rẹ̀?"

Àwọn èèyàn á mi orí. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́.

Ohun kejì wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún Lazarus pé àwọn tó ń ṣe àpótí orin ní òkè òkun máa ń ki nǹkan bí òwú sínú rẹ̀, kí ohùn ìsàlẹ̀ lè dún kíkankíkan. Lazarus kò ní irú òwú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ihá kún ibi tí Dora ti ń ṣe epo, ìyẹn pàǹtí ẹyìn tó máa ń ṣẹ́ kù tí wọ́n bá ti fún epo tán. Ó sá a sí oòrùn, ó gbẹ, ó fúyẹ́, ó rọ̀. Ó ki í sínú àpótí, ó kún bámúbámú. Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ń dún dé inú àyà.

Kí wọ́n tó sùn, Dora fọwọ́ ara rẹ̀ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, Lazarus tún tan án. Òórùn náà tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, Vivian gbọ́ ọ láti òdìkejì ọ̀nà.

"Màmá Ìdárà, ta ló ń sun bàtà?"

Dora wé gèlè, ó dá ọ̀kadà kan dúró.

"Níbo lò ń lọ?" ni Lazarus ké láti inú ilé.

"Òkìtìpupa. Mò ń lọ rí Ẹ̀gbọ́n Eunice."

"Lórí àpótí mi? Dora! Ṣé o ò fẹ́ kí n gòkè ni?"

Ọ̀kadà ti gbéra.

Eunice, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Dora, ló ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ iná mànàmáná ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ó ń fọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Dora wọlé, tí kò tilẹ̀ rántí kí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo àpótí kan fún mi."

"Ìwọ yìí, ẹ káàárọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, ẹ káàárọ̀ mà. Ó ń gbóná. Ó ń rùn bíi rọ́bà. Lọ́la ni Ìdárà máa dúró tì í."

Eunice gbọn ìfófòó ọṣẹ kúrò lọ́wọ́. "Irú wáyà wo ló wà nínú rẹ̀?"

"Ti tẹlifóònù."

"Títí dé ibi tí iná ti ń wọlé?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

"Pe ọkọ rẹ. Ní kí ó yọ púlọ́ọ̀gì báyìí, kí ó má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀ títí a ó fi dé."

Nígbà tí wọ́n dé Àyèká, Lazarus ti yọ púlọ́ọ̀gì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó dúró níwájú àpótí bí ẹni tó ń ṣọ́ oko.

"Ọkọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Eunice wí. "Ẹ ti kan án dáadáa. Mo rí i pé igi yẹn kò ní àléébù rárá."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó mi ló ń bẹ̀rù òjìji."

"Bóyá òjìji náà ni. Ẹ̀yin lẹ kàn án, ẹ fọwọ́ ara yín ṣí i fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná. Bí a bá tilẹ̀ ti yọ púlọ́ọ̀gì, àwọn ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ ṣì máa ń di iná mú fún ìgbà díẹ̀. Ó lè gbá èèyàn dànù."

Wọ́n dúró. Dora nìkan ni kò dúró sójú kan. Ó lọ dé ìdí ọsàn, ó padà wá, ó tún lọ.

Nígbà tó yá, Lazarus tú ẹ̀yìn àpótí. Òórùn rọ́bà jíjó bọ́ síta. Ihá tó wà nínú rẹ̀ kò pọ́n bó ṣe yẹ mọ́. Níbi tí wáyà ti gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ti dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ipa ọ̀nà ìjàlọ. Rọ́bà ara wáyà ti yọ́, wáyà méjì sì ti fẹ́ kan ara wọn ní ìhòòhò.

Lazarus na ọwọ́, ó fà á padà.

Eunice rọra tọ́ka. "Ibí yìí tí wáyà méjì ti so pọ̀, kí lẹ fi dì í?"

"Okùn àwọ̀n ni. Kì í já. Òun ni bàbá mi fi ń pa ẹja."

"Kì í já nínú omi lóòótọ́. Nínú iná, ó máa yọ́ ni. Fíúsì dà?"

Lazarus wo ilẹ̀. "Ó ń já ṣáá. Mo wá fi wáyà wẹ́wẹ́ dí ojú rẹ̀."

"Áà! Ọkọ wa! Fíúsì ń já nítorí pé ó ń pariwo fún yín pé nǹkan kò dára. Ẹ wá di ẹnu rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, wáyà yìí ń gbé ohùn láti Òkìtìpupa dé Àkúrẹ́!"

"Ó ń gbé e. Ohùn tí tẹlifóònù ń gbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọkọ̀ kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń lọ wo àwọ̀n rẹ̀ létí òkun, ṣé ẹ lè kó agbọ̀n ẹja gbogbo abúlé sínú rẹ̀?"

"Rárá o. Ó máa rì."

"Wáyà ni ọkọ̀, iná ni ẹrù. Ẹrù tó bá ju ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ á rì. Iná tó bá ju wáyà lọ, wáyà á máa gbóná títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi yọ́. Ẹrù inú àpótí yín kì í ṣe ohùn nìkan. Iná láti ara ògiri ń wọ ibẹ̀, agbára ńlá sì ń ti ibẹ̀ lọ sára sípíkà."

Eunice bu ihá díẹ̀ sọ́wọ́, ó yíjú sí Dora.

"Dora, bí igi bá tutù láàárọ̀, kí lo fi ń dá iná?"

"Ihá ni..." Dora fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lazarus fúnra rẹ̀ ló gba ihá náà lọ́wọ́ Eunice. Ó jáde sí gbangba, ó gbé e sílẹ̀, ó ṣá ìṣáná sí i. Fàà! Iná ràn gba gbogbo rẹ̀ kí ó tó sún sẹ́yìn. Kò pẹ́, eérú nìkan ló kù.

Ó dúró, ó ń wo eérú náà.

"Ibẹ̀ ni Ìdárà máa dúró sí," ni ó wí. Kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.

Lójijì, ó yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Ẹ jẹ́ ká ra wáyà tó dára nísinsìnyí. Màá pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Wọ́n jọ gba ọjà Òkìtìpupa lọ. Lazarus ń sáré níwájú, Eunice ń pè é padà. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọkùnrin kan gbé okùn wáyà kan jáde tó ń dán yanran bí wúrà.

"Bàbà gidi rèé, mà. Kò sí ẹni tí kì í rà á."

"Ẹ yá mi ní ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ? Ṣé ẹ fẹ́ bó o bí iṣu ni?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó jinná."

Eunice fi ojú ọ̀bẹ ha ẹnu wáyà náà. Awọ pupa ṣí kúrò, inú rẹ̀ funfun bí ìdí ìkòkò alumíníọ̀mù.

"Ọkọ wa, ẹ wò ó. Wọ́n kàn fi bàbà kùn ún lójú ni. Ó máa ń tètè gbóná ju bàbà tó sanra tó o lọ, ó tún máa ń ṣẹ́."

"Mà, ẹ rọra sọ̀rọ̀, oníbàárà ń bọ̀," ni ọlọ́jà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jùwọ́nlọ́lá. Òun kò dúró kí wọ́n béèrè ọ̀bẹ. Ó fúnra rẹ̀ ha wáyà tirẹ̀ fún wọn, ó pupa dé inú.

"Ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ lò ó fún? Báwo ló ṣe ní agbára tó?" ni ó béèrè.

"Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ọlọ́jà máa bi èèyàn nìyẹn," ni Eunice wí.

Ibẹ̀ ni Lazarus ti rí i pé wáyà inú àpótí orin kì í ṣe oríṣi kan. Fún ibi tí iná ògiri ti ń wọlé dé ara tiransifọ́mà tó ń dín agbára iná kù, wọ́n mú wáyà tó nípọn, tí rọ́bà bo rọ́bà lára rẹ̀. Fún sípíkà, wọ́n mú èyí tí okùn bàbà wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, tó rọ̀, tó sì sanra. Èyí tó máa ti ibi maikirofóònù wọlé ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Nígbà tí Eunice ṣí rọ́bà rẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n hun bàbà wẹ́wẹ́ yí i ká.

"Bí àwọ̀n!" ni Lazarus wí.

"Àwọ̀n náà ni. Ariwo iná ló ń mú, kí ó má bàa wọ inú orin. Ẹ má sì jẹ́ kí ó gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná kọjá."

"Áà. Ìyẹn ni pé ariwo *hùùù* tó ń dún lẹ́yìn orin mi, tí mo rò pé sípíkà ni..."

"Wáyà ni."

Fóònù Lazarus dún. Bàbá Adéjọbí ni.

"Lásárù, ọmọ mi, ṣé ká wá gbé àpótí báyìí? Àwọn ọ̀dọ́ ti dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́."

Lazarus wo Eunice. Ó gbé fóònù kúrò létí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó lè parí lónìí?"

"Ó lè dún lónìí. Ṣùgbọ́n a ní láti tan án fún ìgbà pípẹ́, ká máa ṣọ́ ọ, ká tó lè sọ pé ó ti parí. Wáyà tí a bá fi ìkánjú so, ìkánjú náà ló máa fi tú."

Lazarus gbé fóònù sétí padà.

"Bàbá, ẹ má bínú, sà. Kò tíì ṣeé gbé."

"Kò ṣeé kí ni? Àwọn ará Akotogbo ń bọ̀! Mo ti sọ fún gbogbo ìjọ! Lásárù, ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Bàbá, iná fẹ́ sọ nínú rẹ̀. Ọmọ mi ló máa dúró tì í, àwọn ọmọ yín náà sì máa wà níbẹ̀."

Bàbá Adéjọbí mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. A ó fi ẹnu kọrin bí àwọn bàbá wa ti ṣe."

Lọ́jọ́ Àìkú, ibi tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún àpótí wà lófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Àwọn kan kùn. Nígbà tí Ìdáraolúwa bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, ohùn rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn. Bàbá Adéjọbí ló kọ́kọ́ dìde lórí àga ọlá, ó gbé ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ iwájú. Àwọn àlejò tẹ̀ lé e, títí gbogbo ìjọ fi rọ̀gbà yí ọmọ náà ká.

Nígbà tí wọ́n jáde, Vivian fi ìgbọ̀nwọ́ gún Lazarus. "Bàbá Ìdárà, Iyansan ò gbọ́ lónìí o!"

"Wọ́n á gbọ́, Màmá Goodness. Ẹ fún mi láyè."

Ó fara balẹ̀ tún inú àpótí náà so láàárín ọ̀sẹ̀. Ó fi sódà, òjé tí àwọn oníṣẹ́ rédíò máa ń yọ́, lẹ gbogbo oríkèé wáyà, ó fi rọ́bà bò wọ́n. Ó fi fíúsì tó bá ẹ̀rọ náà mu sí àyè rẹ̀. Ó gbé wáyà jìnnà sí ibi tó ń gbóná, ó lu ihò sẹ́yìn àpótí kí atẹ́gùn lè wọlé. Gbogbo ihá ni Dora kó padà sídìí ààrò.

Lọ́jọ́ tí Eunice padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tan án láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Orin ń dún. Dora ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níkẹyìn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kò sì gbé e kúrò.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni," ni ó wí.

Ó lọ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó sì jókòó.

Ẹ̀yin ará wa, bóyá ẹ̀yin náà ń kan àpótí orin nílé, tàbí ọmọ yín ń kàn án, tàbí ìjọ yín fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnìkan. Kò burú. Iṣẹ́ tó níyì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wáyà tẹlifóònù, tàbí wáyà yòówù tí ẹ kàn rí he, gbé iná ògiri. Ẹ sọ agbára ẹ̀rọ yín fún ẹni tó mọ iṣẹ́ iná, kí ó sọ bí wáyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ẹ ha ẹnu wáyà kí ẹ tó sanwó: bàbà gidi máa ń pupa dé inú.

Ẹ má fi okùn tàbí ọ̀rá di oríkèé wáyà. Bí fíúsì bá ń já, ẹ wá ohun tó ń já a, ẹ má fi wáyà dí ojú rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ń fi dá iná ní ìdí ààrò, ihá ni o, òwú gbígbẹ ni o, ẹ má ki í sínú ẹ̀rọ tí iná ń gbà kọjá.

Bí ẹ̀rọ bá sì ń rùn bíi rọ́bà jíjó, tàbí tí ó gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkórè ni ọ̀la. A lè fi ẹnu kọrin lọ́jọ́ kan. Ọmọ tó ń kọrin náà ni kí a kọ́kọ́ dáàbò bò.